Kashi Nínú Ara Ènìyàn: Àgbéyẹ̀wò Ewì Ẹlẹ́sẹ Márùn-ún Lórí Ìlú Mímọ́ Àwọn Híńdù

Àwọn ará Íńdíà a máa pa ìtàn kan nípa Shankara, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n nì tí ó tan ẹ̀kọ́ Advaita kálẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ lẹ́yìn ikú Jésù. Wọ́n ní nígbà tí ó dé ìlú Kashi, tí ó dúró níwájú Shiva, Olúwa gbogbo ayé, kì í ṣe ọrọ̀ tàbí ẹ̀mí gígùn ni ó tọrọ. Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni ó bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, ó mọ̀ pé kò sí ibi tí Ọlọ́run kò sí, síbẹ̀ ó rin ọ̀nà jíjìn wá sí ibi kan ṣoṣo láti wá a. Èkejì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ká Ọlọ́run, síbẹ̀ ó ń fi orin yìn ín. Ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé ìrònú ènìyàn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó jókòó ó ń rò ó. Yálà ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ó fi ìka kan ojú egbò. Bí Ọlọ́run bá wà níbi gbogbo, kí ni a ń rìn lọ sí ibi mímọ́ ṣe? Bí ìrìn náà kò bá sì wúlò, kí ló dé tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tún rìn ín?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, kì í ṣe nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan, bí kò ṣe nínú ewì kékeré kan tí a ń pè ní Kashi Panchakam, èyí tí ó túmọ̀ sí Ẹsẹ Márùn-ún ti Kashi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá ka ewì yìí lẹ́ẹ̀kan a máa sọ pé akéwì náà ti pa ìrìn-àjò mímọ́ rẹ́, pé ó ń fi àwọn tí ń lọ wẹ̀ nínú odò ṣẹ̀sín. Mo gbà pé àṣìkà ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá mọ ìlú Kashi, tí kò mọ odò rẹ̀ àti iná rẹ̀, kò lè mọ adùn ewì yìí rárá; àti pé akéwì náà gbára lé ibi mímọ́ náà ju bí ojú ti rí i lọ.

Kí á tó ṣí ewì, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ó dúró lé. Kashi ni orúkọ àtijọ́ tí àwọn olùfọkànsìn fẹ́ràn jù. Varanasi ni ó wà nínú ìwé ìjọba. Banaras sì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pè é. Àríwá Íńdíà ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lẹ́bàá odò Ganga. Odò ńlá yìí, tí ó jẹ́ pé ìhà ìlà-oòrùn ni ó máa ń ṣàn sí ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, yí orí padà ní Kashi, ó dojú kọ àríwá. Nítorí náà ẹni tí ó bá dúró lórí àtẹ̀gùn òkúta ní òwúrọ̀ yóò kọjú sí oòrùn bí ó ti ń yọ láti òdìkejì omi. Àwọn àtẹ̀gùn òkúta bẹ́ẹ̀ lé ní 80 ní etí odò náà. Odò kékeré méjì ni ó pààlà ìlú: Varana ní àríwá, Asi ní gúúsù, àwọn ará ibẹ̀ sì ní láti ara orúkọ méjèèjì ni a ti rí Varanasi. Ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ kan wà tí ó yí gbogbo ilẹ̀ mímọ́ náà ká, ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ìlú yìí kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Kashi fúnra rẹ̀ wá láti inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Sanskrit tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa tàn, kí ó máa dán. Wọ́n tún ń pè é ní Avimukta, ìlú tí Shiva kò fi sílẹ̀ rí tí kò sì ní fi sílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Igbó Ayọ̀. Wọ́n sì ń pè é ní Ilẹ̀ Ìsunkú Ńlá. Kí òǹkàwé má ṣe fi ojú kéré orúkọ méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí: ìlú kan náà ni igbó ayọ̀, òun náà ni ilẹ̀ ìsunkú. Ní Manikarnika, ní àárín gbùngbùn etí odò, iná tí a fi ń sun òkú kì í kú tọ̀sán-tòru. Ní ẹ̀gbẹ́ iná náà gan-an ni adágún omi kan wà, tí ìtàn sọ pé yẹtí oníyebíye Shiva já bọ́ sí, èyí tí ibẹ̀ fi gba orúkọ. Omi ìwẹ̀mọ́ àti iná ìsunkú dúró sí ojú kan.

Ìgbàgbọ́ àwọn olùfọkànsìn ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kú láàárín ààlà Kashi kò ní padà wá sí ayé mọ́. Wọ́n ní nígbà tí èémí bá fẹ́ bọ́, Shiva fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí etí ọ̀tún ẹni tí ń kú lọ. Taraka ni a ń pe ọ̀rọ̀ náà, èyí ni ọ̀rọ̀ tí ń túni kọjá. Nítorí ìrètí yìí ni àwọn arúgbó, pàápàá àwọn opó, fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń wọ̀ sí àwọn ilé tí a yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń dúró de ikú bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀kọ́ Advaita wí. Advaita ni àìjẹ́-méjì. Ó kọ́ni pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà ní tòótọ́, tí a ń pè ní Brahman. Pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an nínú lọ́hùn-ún, tí a ń pè ní Atman, kì í ṣe ohun mìíràn yàtọ̀ sí Brahman yẹn. Àti pé àìmọ̀ nìkan ni ó ń mú wa rí ayé bí ẹni pé ó pín sí ọ̀nà púpọ̀. Àpèjúwe tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ràn ni ti okùn tí ènìyàn rí nínú òkùnkùn tí ó pè ní ejò. A kì í fi igi lé irú ejò bẹ́ẹ̀. Iná ni a ń tàn sí i. Nítorí èyí, wọ́n ní ìmọ̀ nìkan ni ó lè tú ènìyàn sílẹ̀. Ìwẹ̀ kò lè ṣe é, ẹbọ kò lè ṣe é, ìrìn-àjò kò lè ṣe é, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò lè pa àìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni yìí. Tirtha ni orúkọ tí àwọn Híńdù ń pe ibi mímọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ibi ìwọdò, ibi tí omi kò ti jìn, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá sí òdìkejì. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ taraka ti jáde. Ìwọdò kò sì lè wà láìsí bèbè méjì: èyí tí a ti kúrò àti èyí tí a ń lọ. Bí ẹlẹ́kọ̀ọ́ àìjẹ́-méjì bá wá sọ pé kò sí méjì, níbo ni bèbè kejì wà? Ta ni ń kọjá? Ọ̀nà méjì péré ni ó dà bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀ fún un: kí ó sọ pé ibi mímọ́ kò jẹ́ nǹkan kan, tàbí kí ó sọ pé ẹ̀kọ́ òun kò kan ibi mímọ́. Akéwì Kashi Panchakam kò gba èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì.

Ní ti ẹni tí ó kọ ewì náà, orúkọ Shankara ni àṣà fi sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ewì ni ó ń jẹ́ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tí àwọn onímọ̀ òde òní kò gbà pé òun ni ó kọ wọ́n. Ìdí kan sì ni pé gbogbo àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí wọ́n ń tọ́ka sí i bí olùdásílẹ̀ wọn ni wọ́n ń jẹ oyè Shankaracharya títí di òní. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí èyí. Ewì náà ni ó wà níwájú wa, òun ni a ó sì bi léèrè.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí a ti kọ́ ọ. Ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sílébù 11 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ègbè kan náà ni ó sì parí wọn: níbẹ̀ ni akéwì ti ń kéde pé òun gan-an ni Kashi, Kashi tí ìmọ̀ ara ẹni jẹ́ ìrísí rẹ̀. Ẹsẹ kẹrin kúrú lójijì. Sílébù 8 péré ni ó wà nínú ìdá kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ègbè sì pòórá. Ẹsẹ karùn-ún wá tẹ́ rẹrẹ, sílébù 21 nínú ìlà kan. Bí ẹni tí ń mí ni: ó mí déédéé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dá èémí dúró díẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. Ìgbékalẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ẹsẹ kìíní fi ìdákẹ́jẹ́ ọkàn, ìgbà tí ìrònú bá rọlẹ̀ pátápátá, wé Manikarnika, ó pè é ní olórí gbogbo ibi ìwọdò. Ó sì fi ìṣàn ìmọ̀ wé odò Ganga tí ó mọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìlú náà yóò rò pé akéwì kàn mú orúkọ méjì tí ó gbajúmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ Manikarnika, kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn àtẹ̀gùn òkúta yòókù? Akéwì kò dárúkọ iná, kò dárúkọ òkú, kò dárúkọ eérú. Omi ni ó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí olùfọkànsìn kan tí yóò gbọ́ Manikarnika tí kò ní rí èéfín. Nígbà tí a bá ní ibẹ̀ ni ọkàn ti dákẹ́, a mọ̀ láìsí pé a sọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ti oorun. Ohun kan ti jóná. Àìsọ ni ó fi sọ ọ́, ìlú náà ni ó sì bá a sọ ọ́. Èyí ni mo kà sí ẹsẹ tí ó dára jù nínú márààrún.

Ẹsẹ kejì gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè. Gbogbo ohun tí ń rìn àti ohun tí kò lè rìn, ni ó wí, dà bí idán tí onídán ń pa, eré ọkàn ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ìwà, ìmọ̀ àti ayọ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ẹsẹ yìí ni ó rọ jù. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ tọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kashi kò sí nínú rẹ̀ àfi nínú ègbè. A lè yọ orúkọ ìlú kúrò kí á fi òmíràn sí i, kò ní pa nǹkan kan lára. Ibi tí akéwì ti gbàgbé ilẹ̀ ni ewì rẹ̀ ti di ìwé ẹ̀kọ́.

Ní ẹsẹ kẹta ó padà sílé. Àwọn Híńdù gbà pé ara ènìyàn dà bí idà tí ó wà nínú àkọ̀ márùn-ún: àkọ̀ oúnjẹ, ti èémí, ti ọkàn, ti òye, àti ti ayọ̀. Akéwì ní nínú àkọ̀ wọ̀nyí ni òye ti ń jọba bí Bhavani, aya Shiva, nínú ilé ara kọ̀ọ̀kan. Shiva fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí tí ó wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, ilé. Ní Kashi, ilé Shiva àti ilé aya rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ ní orúkọ Annapurna olóúnjẹ, kò jìnnà sí ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé a máa yà kí èkejì. Ìrìn díẹ̀ yẹn láàárín ilé méjì ni akéwì gbé wọ inú àyà ènìyàn.

Ẹsẹ kẹrin ni ibi tí a ti dá èémí dúró. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa tàn. Nínú ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀, tí kò ju sílébù 16 lọ, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni a gbọ́ gbòǹgbò yẹn, bí ìgbà tí a bá ń lu agogo. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn ní Kashi ni Kashi, òun ni ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni ó ti dé Kashi. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó fi kò ara wọn lójú níbẹ̀, mímọ̀ àti dídé, ó sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹlẹ́sẹ̀ a máa dé ìlú. Ọlọ́gbọ́n a máa mọ ohun. Akéwì ní ẹni tí ó bá mọ̀ ni ó dé. Ṣùgbọ́n kò yí i padà kí ó wí pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ dé kò dé.

Ẹsẹ karùn-ún ni ó ti dá ìjà sílẹ̀ jù. Níbẹ̀ ni akéwì ti ń ka ibi mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù. Ara ni ilẹ̀ Kashi. Ìmọ̀ tí ó tàn ká gbogbo ayé ni Ganga. Ìfọkànsìn àti ìgbàgbọ́ ni Gaya. Ríronú jinlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ olùkọ́ ẹni ni Prayaga. Olúwa Gbogbo Ayé sì ni ipò kẹrin tí ó kọjá jíjí, àlá àti oorun àsùnwọra, ẹlẹ́rìí tí ó wà nínú ọkàn gbogbo ènìyàn. Ó wá béèrè pé bí gbogbo ìwọ̀nyí bá ń gbé inú ara òun, ibi ìwọdò wo ni ó tún kù?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ẹsẹ yìí, mo rò pé àfiwé rẹ̀ kò ní ìdí. Kí ni ìgbàgbọ́ ní í ṣe pẹ̀lú Gaya ju pẹ̀lú ìlú mìíràn lọ? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ìlú náà léèrè. Gaya ni ibi tí ọmọ ti ń lọ gbé oúnjẹ ètùtù fún bàbá àti ìyá tí ó ti kú. Shraddha ni orúkọ ètùtù yẹn, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìgbàgbọ́ ni a sì ti rí i. Prayaga ńkọ́? Ibẹ̀ ni Ganga àti Yamuna ti pàdé, pẹ̀lú odò kẹta, Sarasvati, tí wọ́n ní ojú kò lè rí. Yoga sì ni ọ̀rọ̀ tí akéwì lò fún ríronú lórí ẹsẹ̀ olùkọ́, ìdàpọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Odò pàdé odò, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ pàdé ti olùkọ́. Ohun tí mo pè ní kíka ẹrù wá di ìwọ̀n tí a fi òṣùwọ̀n pípé wọ̀n.

Àwọn kan tún ní akéwì tako ara rẹ̀. Nínú ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́, Atman tí kì í kú ni Kashi. Ní ẹsẹ karùn-ún, ara tí yóò jóná ni ó wá pè ní Kashi. Ǹjẹ́ kì í ṣe Advaita náà ni ó ń kọ́ni pé a kì í ṣe ara? Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Akéwì kò pe ara ní Kashi lásán. Kshetra ti Kashi ni ó pè é. Kshetra ni ilẹ̀ oko, òun náà ni ilẹ̀ mímọ́ tí ó yí ojúbọ ká. Ṣùgbọ́n nínú Bhagavad Gita, ní orí kẹtàlá, ara ènìyàn ni a pè ní kshetra, ẹni tí ó mọ ara sì ni a pè ní olùmọ̀ kshetra. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí dání. Ara ni ilẹ̀, kì í ṣe olúwa ilẹ̀. Kò sí ìtakora níbẹ̀.

Ǹjẹ́ ewì yìí pa ìrìn-àjò rẹ́ bí? Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé kan tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láti ìgbà àtijọ́, Jabala Upanishad. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n bi ọlọ́gbọ́n Yajnavalkya nípa Avimukta, ó sì dáhùn pé níbẹ̀ ni Rudra, èyí ni Shiva, ti ń sọ ọ̀rọ̀ taraka fún ẹni tí èémí ń bọ́ lọ. Nítorí náà kí ènìyàn má ṣe kúrò ní Avimukta. Lẹ́yìn èyí ni ẹlòmíràn tún bi í pé níbo gan-an ni Avimukta wà. Ó ní àárín Varana àti Nasi ni. Varana ni ohun tí ń dí àṣìṣe ẹ̀yà ara lọ́nà, Nasi ni ohun tí ń pa ẹ̀ṣẹ̀ run. Ojúkò wọn sì ni ibi tí ìpéǹpéjú méjèèjì àti imú ti pàdé. Ìwé kan náà ni ó sọ méjèèjì, ọlọ́gbọ́n kan náà ni ó dáhùn, kò sì fi èkejì pa èkíní rẹ́.

Bí a bá sì wo ìgbàgbọ́ nípa ikú ní Kashi dáadáa, a ó rí i pé àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Advaita rí ọ̀nà gbà á láìfi òfin wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ìmọ̀ nìkan ni ó ń túni sílẹ̀. Ó dára, kí ni Shiva ń sọ sí etí ẹni tí ń kú? Ìmọ̀ náà ni. Kì í ṣe erùpẹ̀ Kashi ni ó gba opó náà là. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ní wákàtí ìkẹyìn ni. Kashi di iyàrá ẹ̀kọ́, Shiva di olùkọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nìyẹn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí òfin àwọn ọ̀mọ̀wé dúró, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ irú ìlàjà bẹ́ẹ̀. Kabir, akéwì ahunṣọ ará Banaras, gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ìlú náà. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ pé nígbà tí ikú súnmọ́, ó dìde, ó kọrí sí Maghar, ìlú tí àwọn ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá kú síbẹ̀ yóò padà wá sáyé bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó fẹ́ fi hàn pé Ọlọ́run ni í gbani, kì í ṣe ilẹ̀. Kabir fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jiyàn, akéwì Kashi Panchakam fi ẹnu jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Kabir pàápàá ní láti rin ìrìn-àjò kí ó tó lè sọ pé ìrìn-àjò kò wúlò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olùfọkànsìn kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ òkúta bí àwọn ẹlẹ́gàn ti rò. Ní ọdún 1669 ni Ọba Aurangzeb pàṣẹ kí a wó ilé Shiva ní Kashi, a sì kọ́ mọ́ṣáláṣí síbẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ayaba Ahilyabai Holkar tún ilé náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ṣí ọ̀nà gbọọrọ láti ilé náà dé etí odò, lẹ́yìn tí a ti wó ọ̀pọ̀ ilé àti ìloro àtijọ́. Òkúta ti yí padà, ọ̀nà ti yí padà, àríyànjiyàn lórí wọn kò sì tí ì tán. Síbẹ̀ ẹni tí ó dé lónìí ní Kashi kan náà ni òun dé. Ta ni ó kọ́ ọ pé Kashi ju òkúta lọ? Kò ka ìwé Advaita kan.

Bí mo ti yin ewì náà tó yìí, ó ní àléébù kan tí n kò lè fi pamọ́, ó sì tóbi. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Kò sí atukọ̀, kò sí opó, kò sí àwọn Dom, ìdílé tí ń tọ́jú iná òkú ní Manikarnika, tí a kà sí aláìmọ́ láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ iná ọwọ́ wọn ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ fún nígbẹ̀yìn. Akéwì wí pé ẹlẹ́rìí náà ń bẹ nínú ọkàn gbogbo ènìyàn, ó sì kọjá lọ. Ẹ fi wé ìtàn tí a ń sọ nípa ewì mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ Shankara, Manisha Panchakam. Wọ́n ní ní ìgboro Kashi ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti pàdé ẹnì kan tí a kà sí aláìmọ́ pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó sì ní kí ó yà lọ́nà. Ọkùnrin náà bi í pé kí ni ó fẹ́ kí ó yà: ṣé ara tí a fi oúnjẹ mọ, kúrò lọ́dọ̀ ara tí a fi oúnjẹ mọ, tàbí Atman kúrò lọ́dọ̀ Atman? Shankara dọ̀bálẹ̀, ó gbà á ní olùkọ́. Níbẹ̀ ni a ti gbé àìjẹ́-méjì lọ sí ojú títì, tí a sì dán an wò.

Ìdánwò náà kò sì parí nínú ìtàn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ilé Shiva ní Kashi fún àwọn tí a ti ń lé sẹ́yìn, àwọn kan kọ̀, wọ́n ní ilé náà ti bàjẹ́. Swami Karpatri, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà olùkọ́ Advaita, ni ó ṣíwájú wọn, wọ́n sì dá ilé mìíràn sílẹ̀ fún Olúwa Gbogbo Ayé. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ẹni tí ń kọ́ni pé kò sí méjì ni ó sọ ilé Ọlọ́run di méjì. N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn pé gbígbé ibi mímọ́ wọ inú ara nìkan kò tó. Ènìyàn lè gbé Kashi sínú àyà rẹ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn síbẹ̀.

Kí a má baà rò pé Kashi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ẹ jẹ́ kí á yà díẹ̀ sí gúúsù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896, ọmọkùnrin kan tí kò tí ì pé ọdún 17 dé Tiruvannamalai, lẹ́sẹ̀ òkè Arunachala. Ramana ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè ta ni òun jẹ́. Ẹni tí ó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó nílò òkè kan. Síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1950. Ó kọ orin ìfẹ́ sí òkè náà ní èdè Tamil, ó sì ń gba àwọn àlejò níyànjú kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yí i ká, ìrìn tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 14. Fún un, òkè náà kì í ṣe ohun mìíràn tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ohun tí òun jẹ́ ni ó fara hàn bí òkè. Ẹni tí ó ti dé kò kórìíra ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè tí ó parí Kashi Panchakam, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa gbọ́ ìparí rẹ̀ nìkan, pé kò sí ibi ìwọdò mìíràn mọ́. Wọ́n a máa fo ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ṣáájú rẹ̀. Akéwì kò ní pé gbogbo rẹ̀ ń gbé inú ara òun. Ó ní *bí* gbogbo rẹ̀ bá ń gbé inú ara òun. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ó gbé ìyókù ẹsẹ náà dúró. Ẹni tí ó bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó rí odò náà nínú ara rẹ̀, tí iná Manikarnika sì ti jó ìrònú rẹ̀ tán, kó jókòó sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì rí i, kí ni yóò ṣe? Ewì náà kò dá a dúró. Ó fi bèbè odò náà sílẹ̀ bí ó ti wà, pẹ̀lú àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.